Mo Ta Ojú Ẹlòmíràn fún Opó Apẹja

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka abala yìí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹnìkan á ní obìnrin ló kó bá òun. Ẹlòmíràn á ní ọtí ni. Èmi kò rí ẹni tí mo lè di ẹrù tèmi lé lórí. Ojú mi dá, orí mi pé, ọ̀sán gangan ni, búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ ló sì wà lọ́wọ́ mi.

Orúkọ mi ni Josiah Thackwray. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀nà sì ni ilé mi. Mo ti sùn sí abà ẹlẹ́dẹ̀, mo ti sùn sí ilé àwọn aláìní ní Hull àti ní York, àmọ́ n kò tíì sùn síbi tó rùn tó ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ayàwòrán ni mí tẹ́lẹ̀. Oko dé oko ni mo ń rìn, tí mo ń ya àwọn àgbẹ̀ olówó, ìyàwó wọn àti ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Kò sí àgbẹ̀ kan tó fẹ́ òótọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kí n fi ẹran kún, ìyàwó ni kí n dín kù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Kí ẹ má baà rò pé kámẹ́rà ló kọ́ mi nírọ́, mo ti gboyè nínú irọ́ kí n tó fojú kan kámẹ́rà.

Nígbà tí fọ́tò dé, iṣẹ́ wa kú bí iná tí wọ́n da omi sí. Ta ló fẹ́ jókòó ọjọ́ mẹ́rin fún ayàwòrán nígbà tí ẹ̀rọ lè yà á kí èèyàn tó kà dé àádọ́ta? Mo ta àwọn ọ̀dà mi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré méjì sílẹ̀, mo ra kámẹ́rà àlòkù, mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Skarwick, abúlé apẹja kan létí òkun Yorkshire.

Nígbà náà, orí dígí ni à ń ya fọ́tò sí. Láti ara dígí yẹn la ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, iyekíye tí èèyàn bá fẹ́. Bí dígí bá ti lọ, ojú ẹni náà lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn káàdì wa, èmi náà tẹ̀ ẹ́ sí tèmi, pẹ̀lú òdòdó yíká rẹ̀: *A tọ́jú gbogbo dígí. Ẹ lè wá gba ẹ̀dà nígbàkúgbà tó bá wù yín.*

Irọ́ ni. Dígí wọ́n. Nígbà òtútù tí oníbàárà kò bá wá, màá kó àwọn dígí àtijọ́ sínú omi gbígbóná àti eérú, màá máa fi àkísà ha wọ́n títí wọ́n á fi mọ́ bí omi, kí n lè tún wọn lò. Mo ti fọ odindi ìdílé dànù láàárọ̀ kan kí n tó jẹ búrẹ́dì. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa ń padà wá gba ẹ̀dà?

Tamar Cowling padà wá. Oṣù kẹta ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ dojú dé nínú ìjì. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà. Òkun da méjì padà sórí iyanrìn. Kò da Jonas Cowling padà.

Ó gbé agbọ̀n kan lé tábìlì mi. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ojú ọgbẹ́ nítorí ìwọ̀ tí wọ́n máa ń fi ìjẹ sí lójoojúmọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Thackwray. Ẹ rántí Jonas tèmi? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Mo rántí," ni mo wí. N kò rántí.

"Káàdì kan ṣoṣo la gbà, ó sì wà nínú àpò ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ lọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní Scarborough. Mo wá gba òmíràn." Ó ṣí agbọ̀n náà. "Mi ò lówó o. Akàn ni mo gbé wá. Ààyè ni gbogbo wọn."

Mo ṣí ìwé mi. Cowling, nọ́ḿbà igba ó lé méjìlá. Kí n tó dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti mọ̀. Lórí dígí igba ó lé méjìlá, olùkọ́ obìnrin méjì àti ajá wọn ló jókòó síbẹ̀ báyìí.

Mo yíjú padà láti sọ fún un. Mo búra fún yín pé mo yíjú padà láti sọ fún un.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì yín ni mo fi ń sùn láti ọjọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé, òkun gbé Jonas, àmọ́ kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Thackwray kó gbé dígí ẹ̀."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. *Ìyàwó Jonas, mo ti fọ ọ́ dànù.* Ká ní mo sọ ọ́, ì bá sunkún, ì bá ṣépè, ì bá gbé akàn rẹ̀ padà sílé. Gbogbo abúlé ì bá sì mọ̀ pé irọ́ ló wà lẹ́yìn káàdì mi. Ìyẹn ni mo rò. Kì í ṣe ẹkún rẹ̀ ni mo rò, ṣọ́ọ̀bù mi ni mo rò.

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta," ni mo wí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe.

Ní ọdọọdún, nígbà tí ẹja ṣáwá bá ń wọ́ lọ ní etíkun, àwọn ọkọ̀ apẹja láti Norfolk máa ń tẹ̀ lé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wọn, Elijah Pegg, ará Yarmouth, ti wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi. Ẹja ṣí kúrò, ọkọ̀ wọn ṣí tẹ̀ lé e, kò padà wá gba káàdì. Dígí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Irungbọ̀n, fìlà, súwẹ́tà onírun àgùntàn, ọwọ́ lórí àga. Kí ni apẹja tún ní jù bẹ́ẹ̀?

Mo lọ sílé ọtí etí omi. Mo ra ọtí bíà, mo da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe.

"Jonas Cowling yẹn, báwo ló tiẹ̀ ṣe rí gan-an?"

"Ó jọ gbogbo wa," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Irungbọ̀n àti òùngbẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìkejì fọwọ́ nu ẹnu. "Imú ẹ̀ wọ́ sápá ọ̀tún. Òpó ọkọ̀ ló gbá a nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ojú ẹ̀ sì jìn díẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe, ayàwòrán?"

"Ká kàn máa rántí ẹni tó ti lọ ni."

"Á dáa fún ẹ," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi ọtí rẹ̀ kí mi. Ẹ rí ìyẹn? Ó kí mi.

Mo tẹ Elijah Pegg sórí páálí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo fi ń ya ìpéǹpéjú ẹlẹ́dẹ̀, mo wọ́ imú rẹ̀ sápá ọ̀tún, mo fi òjìji sábẹ́ ojú rẹ̀ kó lè jìn, mo fi ewú díẹ̀ sí irungbọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù lọ títí dòní nìyẹn: inú mi dùn sí i. Mo jókòó, mo wò ó, mo súfèé.

Tamar dé. Ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Ìmọ́lẹ̀ ló fà á."

"Ojú ẹ̀ tútù ju bó ṣe máa ń rí lọ." Ó fi àtàǹpàkò kan etí páálí náà. "Jonas ni, àbí?"

Èmi ló ń bi o. Ìyàwó tó bá a sùn fún ọdún mẹ́sàn-án ń bi èmi.

"Òun ni," ni mo wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Keziah, tẹ̀ lé e wá, àmọ́ kò wọlé. Ó dúró níta, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ní ìbàdí, ó ń hun súwẹ́tà bí ó ti dúró. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọn dilẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ ń rìn.

"Màámi, ẹ wá wò ó," ni Tamar pè é.

"Ẹni tí òkun bá mú, a kì í wo ojú ẹ̀ lórí páálí," ni ìyá àgbà dáhùn. "Bò ó láṣọ, Tamar. Má gbé e kọ́ síbi tí màá ti rí i."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo se akàn náà. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ fa ẹsẹ̀ wọn mu.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé. Irọ́ kékeré, opó kan rí nǹkan wò, ta ló kú sí i? Ohun tí à ń sọ fún ara wa nìyẹn. Àmọ́ òkú tí a kò rí sin kì í jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Tamar tún dé, ó ń mí gulegule, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ọ̀gá, ọkùnrin kan láti inú ọkọ̀ èédú ló sọ fún mi. Ó ní àwọn yọ ẹnìkan nínú omi lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé e dé London kó tó lè sọ orúkọ ara ẹ̀. Ta ló sọ pé wọn ò yọ Jonas? Àlùfáà Lamplugh ti kọ lẹ́tà sí èbúté mẹ́fà. Fọ́tò ló kù. Ẹ bá mi ṣe mẹ́fà."

Mo ní, "Ìyàwó Jonas, ìrètí báyìí lè dun èèyàn o."

"Èyí tó ń dùn mí báyìí ńkọ́?"

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo tún kọjá lára rẹ̀. Mo tẹ ẹ̀dà mẹ́fà, mo wọ́ imú Elijah Pegg lẹ́ẹ̀mẹfà. Tamar kó àwọn àpò lẹ́tà náà wá kí n bá a ti fọ́tò bọ̀ wọ́n. Ìkẹta, Yarmouth ló wà lára rẹ̀.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo sọ fún ara mi pé Yarmouth tóbi, apẹja ibẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Mo ti fọ́tò náà bọ inú rẹ̀, mo sì fi itọ́ lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì dé. Akọ̀wé kan ní etí omi Yarmouth ló kọ ọ́. Ó ní òun rí ọkùnrin inú fọ́tò náà, ara rẹ̀ le bí òkúta. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Elijah Pegg. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, àmọ́ kì í sábà gbélé. Oṣù bí mélòó kan ló fi máa ń bá ọkọ̀ lọ kó tó yọjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú wò ó bí ará Skarwick. Jonas Cowling náà, ọdọọdún ló máa ń tẹ̀ lé ẹja ṣáwá lọ sí Yarmouth, á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹni tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ilé méjì, orúkọ méjì, ìyàwó méjì.

Mo kọjá níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ìjẹ sí ìwọ̀. Tamar jókòó sáàárín wọn, kò gbójú sókè.

"Tamar," ni ọ̀kan wí, "a fẹ́ mọ bí a ó ṣe máa kí ẹ. Ṣé ìyáálé ni ẹ́ àbí ìyàwó?"

"Ìyàwó ni," ni òmíràn dá a lóhùn. "Ìyáálé ti bí mẹ́ta."

"Kẹ́ ẹ sì wá wo aṣọ dúdú tó ń wọ̀ kiri. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹja díndín ní Yarmouth."

Tamar fa ìwọ̀ náà títí ó fi gún un lọ́wọ́. Ó fa ọwọ́ náà mu, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Àpótí kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn opó apẹja. Inú rẹ̀ ni búrẹ́dì Tamar àti èédú rẹ̀ ti ń wá. Pátákó dúdú kan sì wà lára ògiri tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí òkun gbé sí. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì: bóyá obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè lè máa jẹ búrẹ́dì opó, àti bóyá orúkọ Jonas ṣì yẹ lára pátákó.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé náà, Tamar wá bá mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò ní pẹ́. Ẹ̀yin lẹ wò ó gbẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ yẹn, tí kò sí ohun mìíràn tí ẹ ń ṣe ju kí ẹ wo ojú ẹ̀. Ẹ sọ fún mi. Ṣé ojú ẹni tó nílé síbòmíràn ló ní?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti jí ìyá adìẹ jẹ rí. Mo ti sá fún owó ilé. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jọ sínú apẹ̀rẹ̀, mo lè bá yín jókòó sọ wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí nìkan ni mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni sọ, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Mo rò ó pé, bí ó bá gbà pé Jonas sá, kò ní tún yẹ fọ́tò náà wò mọ́. Á jù ú sínú iná. Ọwọ́ mi á mọ́.

Mo wí pé, "N kò fẹ́ dá sí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan pé òun ti gbọ́. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi," ló wí, ó sì lọ.

Ní yàrá ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, agogo méjìlá ọ̀sán. Àlùfáà Lamplugh ló wà ní ìdí tábìlì, àwọn ọlọ́kọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdajì abúlé lórí àwọn bẹ́ǹṣì kékeré, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Fọ́tò náà wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Thackwray," ni àlùfáà wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ya èyí?"

"Èmi ni."

"Jonas Cowling ni?"

Bíbélì wà níwájú mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. "Jonas Cowling ni. Ó wà nínú ìwé mi, nọ́ḿbà igba ó lé méjìlá."

"Ó dáa. Nígbà tí a bá parí, ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ ọ̀dà, ẹ ó bá wa pa orúkọ náà rẹ́ lára pátákó."

"Mo gbọ́, Àlùfáà."

Ìgbà yẹn ni Keziah Cowling dìde. Ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá."

"Màámi, ẹ ní ẹ kì í wò ó," ni Tamar wí.

"Òkú ni mo ní a kì í wò. Gbogbo yín ní kò kú. Ẹni tí kò kú, kí ló ní kí n má wo ojú ẹ̀?"

Ó gba fọ́tò, ó gba awò àlùfáà, irú èyí tó ń mú ọ̀rọ̀ kékeré tóbi, ó sì gbé e lọ sídìí fèrèsé. Kò tiẹ̀ wo ojú rárá. Àyà ọkùnrin náà ló gbé awò lé. Ó yọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ kan ní ìbàdí, ó ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ta ló hun súwẹ́tà yìí?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ni, Ìyá, àbí?"

"Èmi ni mo hun gbogbo súwẹ́tà tí Jonas wọ̀ láti ìgbà tó ti ń rá. Àwòrán àkàbà ni mo máa ń hun sí i láyà, okùn kan lápá ọ̀tún, okùn kan lápá òsì. Bàbá ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù tí òkun bá gbé e jù sí, wọ́n á mọ ilé tí wọ́n máa gbé e wá. Ẹ wo ẹni yìí. Egungun ẹja ló wà láyà ẹ̀. Ẹ dárúkọ obìnrin kan ní Skarwick tó ń hun egungun ẹja."

Àwọn obìnrin ń nàgà láti rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ wú ikọ́. "Bóyá obìnrin ti Yarmouth ló hun ún fún un."

"Ó lè jẹ́," ni Keziah wí. "Àmọ́ ṣé Yarmouth ni wọ́n ti yà á? Àga Thackwray rèé. Aṣọ tí Thackwray máa ń fi kọ́ sẹ́yìn àga rèé, èyí tí kòkòrò ti jẹ létí. Ọjọ́ tí Jonas lọ ya fọ́tò, èmi ni mo fa súwẹ́tà tuntun bọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó ń ráhùn pé ó ń há òun. Mo ní kó lọ yà á kó tó dọ̀tí. Ayàwòrán, súwẹ́tà ọmọ mi dà?"

Imú ni mo tún ṣe. Ojú ni mo tún ṣe. Mo mọ irun ara ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọdún mẹ́rin ni mo gbé láàárín àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ lójú mi láràárọ̀, n kò wo ohun tí wọ́n ń hun lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "Ìyá, ìmọ́lẹ̀ nígbà míì—"

Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò. Ó fi pa imú inú fọ́tò náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọ̀dà mi dà sí i lọ́wọ́. Imú Elijah Pegg tọ́ gbọnrangandan bó ṣe wà nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i.

Ó gbé e fún àlùfáà. "Kì í ṣe ọmọ mi," ló wí, ó sì jókòó.

Tamar rìn wá síwájú mi. Kò gbé ohùn sókè.

"Níbo ni dígí ọkọ mi wà?"

"Mo fọ ọ́."

"Ẹ fọ ọ́ báwo?"

"Omi gbígbóná àti eérú."

"Bí ẹni ń fọ abọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ wá yà sí i?"

"Olùkọ́ méjì. Àti ajá wọn."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gé e.

"Ẹ ní ojú ẹ̀ kò dúró sójú kan," ni Tamar wí. "Ojú ta ni?"

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni mi ò lè fi irọ́ tàbí òótọ́ dáhùn.

Wọ́n fi orúkọ Jonas sílẹ̀ lára pátákó. Búrẹ́dì Tamar kò dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin tó pè é ní ìyàwó wá sí ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá a fi ìjẹ sí ìwọ̀ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Yarmouth pẹ̀lú, akọ̀wé náà dáhùn pé ìyàwó Pegg ti gbọ́ nípa "ìyàwó Skarwick", ó sì ti fi irin ìkoná lé ọkọ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà ti ń sun inú ọkọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Fọ́tò tí kò gbà ló kó bá a.

Kò sẹ́ni tó nà mí. Ìfun ẹja ni wọ́n ń dà sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Mo ń gbá a, mo ń sọ fún ara mi pé òórùn wọn ni.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ gba èyí lẹ́nu arúgbó. Bí ohun tí wọ́n fi sọ́wọ́ yín bá bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ bo àìbìkítà rẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ náà gan-an ni yóò máa rùn sí i lọ́wọ́. Mo ti fi ọṣẹ àti omi iyọ̀ fọ ọwọ́ tèmi, òórùn náà kò lọ.

Kí n tó kúrò ní Skarwick, mo lọ sílé Tamar. Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Ayàwòrán ni mí, àbí? Mo gbé páálí àti lẹ́ẹ̀dì dání.

"Ìyàwó Jonas," ni mo wí, "ẹ jẹ́ kí n yà á fún yín láti inú ọpọlọ mi. Mo rí i, ó jókòó níwájú mi. N kò gba nǹkan kan."

Mo rò pé á lé mi. Ó fa àga fún mi. Keziah wà nídìí iná, ó ń hunṣọ.

"Ẹ yà á," ni Tamar wí.

Mo fa ìlà àgbọ̀n. Mo fa iwájú orí. Ọwọ́ mi dúró.

Nínú kámẹ́rà, èèyàn máa ń dorí kodò. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí Jonas Cowling, ní ìdoríkodò, fún bí àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, mo ń ka òǹkà, mo ń ro oúnjẹ ọ̀sán. Kò sí ohun kan nínú orí mi.

"Eyín kan ṣẹ́ níwájú," ni Tamar wí pẹ̀lẹ́. "Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ètè bò ó."

Mo yà á. Ó mi orí pé rárá. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà.

"Etí ẹ̀ kéré. Kéré sí bẹ́ẹ̀."

Mo tún un yà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin mẹ́rin ló jáde, kò sí ọ̀kan tí òun mọ̀.

"Fi í sílẹ̀, Tamar," ni Keziah wí láti ìdí iná, kò gbójú sókè. "Kò rí i rí."

Tamar gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀. Ó fa àga tirẹ̀ wá síwájú mi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sí i lójú, ó sì jókòó.

"Ẹ wò mí," ló wí.

Mo wò ó, mo sì yíjú kúrò.

"Rárá. Ẹ má wo ibòmíràn. Ẹ wò mí bó ṣe yẹ kí ẹ wò ó."

Mo wo ojú rẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo gbọ́ abẹ́rẹ́ ìyá àgbà náà, mo gbọ́ òkun. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

"Ó tó. Ẹ máa lọ."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. Mo ti gbé kámẹ́rà kiri láti Newcastle dé Dover kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú, kò sí ọ̀kan tí mo lè rántí nínú wọn. Ti Tamar Cowling nìkan ló kù: ibi tí iyọ̀ òkun ti la ètè rẹ̀, irun ojú kan tó funfun ṣáájú àwọn yòókù, bí kò ṣe ṣẹ́jú. Mo lè yà á nínú òkùnkùn. N kò tíì fi lẹ́ẹ̀dì kan páálí nítorí rẹ̀ rí, n kò sì ní í ṣe é.